Àwòrán Mẹ́ta, Ọ̀rọ̀ Kan

Ìbéèrè tí mo kórìíra jù lọ ní ilé wa ni, "Kí lo tilẹ̀ ń ṣe nídìí kọ̀ǹpútà yẹn látàárọ̀?" Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin a máa bi mí lórí fóònù láti Abidjan. Àwọn aládùúgbò ń bi mí. Ìyá mi pàápàá ti bi mí rí, kí wọ́n tó rí i pé ojú mi ń le tí wọ́n sì jáwọ́. Bàbá mi nìkan ni kò bi mí rí. Wọ́n á kàn sọ fún àwọn oníbàárà wọn ní Hamdalaye, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara moto, ìyẹn alùpùpù, pé ọmọ àwọn ń kàwé nípa irú ní yunifásítì. Àwọn èèyàn á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kò dùn mí, torí pé òótọ́ ni wọ́n sọ.

Irú ni o, irú tí a fi ń sebẹ̀, èyí tí gbogbo Ouagadougou ń pè ní sumbala. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ló ń sọ èso igi irúgbá di irú, ẹ́ńsáìmù kan tó ń ti ara wọn jáde ló sì ń gé purotéènì inú èso náà sí wẹ́wẹ́ títí tí yóò fi ní adùn àti òórùn tí gbogbo wa mọ̀. Ẹ́ńsáìmù yẹn ni mo fi orí mi sí. Kòtò kékeré kan wà lára rẹ̀, inú kòtò yẹn ni gbogbo iṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀: ibẹ̀ ló ti ń gbá oúnjẹ mú, ibẹ̀ ló ti ń gé e. Ìyókù ara rẹ̀ kàn ń gbé kòtò náà dúró ni. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò tíì rí kòtò ti ẹ́ńsáìmù tiwa yìí rí. Kọ̀ǹpútà la fi ń méfò bí ó ṣe rí.

Ọ̀gá mi ní yunifásítì, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni, ní kí n fi ọ̀nà mẹ́ta ṣe é, kí n fi wọ́n wé ara wọn, kí n wá sọ èyí tó ṣeé gbára lé. Ọ̀nà kìíní, kí n wá ẹ́ńsáìmù mìíràn tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí tiwa, tí wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀ gidi nílẹ̀ òkèèrè, kí n fi ojú ẹ̀gbọ́n wo àbúrò. Ọ̀nà kejì, kí n to orúkọ àwọn èròjà tó so pọ̀ di ẹ́ńsáìmù náà sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà tó ti kọ́ ọgbọ́n lára àìmọye àwòrán, kí òun fúnra rẹ̀ sọ bí ó ṣe rò pé wọ́n ká lura wọn. Ọ̀nà kẹta ló le jù. Mo máa da omi yí ẹ́ńsáìmù náà ká, inú kọ̀ǹpútà ni omi ọ̀hún wà o, màá wá máa ṣírò bí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ṣe ń ti èkejì àti bí ó ṣe ń fà á, kí n lè wò ó bí ó ṣe ń mí. Ìyẹn a máa gba ọ̀sẹ̀ gbọọrọ. Tí iná bá sì lọ ní àárín rẹ̀, mo gbé.

Yàrá tí mo ti ń ṣe é wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ti bá tiwọn lọ, òmíràn sí Dakar, òmíràn sídìí òwò àwọn òbí rẹ̀. Ó ku èmi, ó ku fáànù kan tí ń dún kì-kì-kì. Màá dé ní òwúrọ̀, màá gbọn eruku bàtà mi nù lẹ́nu ilẹ̀kùn, màá jókòó. Ọjọ́ mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí màá sọ sí èèyàn kan á jẹ́ "mẹsí", ẹ ṣé ti àwọn Faransé, tí mo wí fún ẹni tó ń ta omi lẹ́nu géètì nígbà tí mo bá ń lọ sílé. Ó ń ṣe mí bí ẹni tí ayé ti gbàgbé síbì kan. Mi ò ní fi bò.

Àwòrán mẹ́ta jáde. Ẹ gbà mí! Ara ẹ́ńsáìmù náà dọ́gba nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ẹni fi ọ̀kan tẹ èkejì jáde. Ó wá ku kòtò, ibi kan ṣoṣo tí mo ń wá. Níbẹ̀ ni olúkúlùkù ti ń sọ tirẹ̀. Àwòrán kìíní pa ẹnu dé pinpin, nítorí pé oúnjẹ wà lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀gbọ́n. Tèmi náà wá pa ẹnu mọ́ òfìfo. Àwòrán kejì la ẹnu díẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kun etí kòtò náà ní àwọ̀ ọsàn, ohun tí ìyẹn sì túmọ̀ sí ni pé kò dá òun fúnra rẹ̀ lójú. Àwòrán kẹta kò tilẹ̀ dúró sójú kan. Ó ń là, ó ń pa dé.

Ọ̀rọ̀ zíńkì tún wà níbẹ̀. Ó yẹ kí zíńkì ẹyọ kan wà nínú kòtò náà, irú zíńkì tí wọ́n fi ń bo páànù òrùlé kí ó má dípẹtà. Láìsí i, ẹ́ńsáìmù kò lè gé nǹkan kan. Nínú ọ̀nà kẹta, nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbìyànjú, zíńkì ọ̀hún sá jáde kúrò nínú kòtò wọnú omi lọ, àfi bí ẹni tó jẹ gbèsè. Mo bú u ní Yorùbá, mo bú u ní Faransé, mo sì ní láti so ó mọ́lẹ̀. Nínú ọ̀nà kejì ẹ̀wẹ̀, èmi ò sọ fún kọ̀ǹpútà rárá pé zíńkì kankan wà. Síbẹ̀ apá mẹ́ta tó yẹ kí ó di zíńkì mú ti nà síwájú, wọ́n yí àyè kékeré kan ká, àyè náà sì gba zíńkì gẹ́ẹ́. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ de ẹni tí kò sí níbẹ̀. Mo wò wọ́n, wò wọ́n, ni mo bá bú sẹ́kún. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n gbé bàbá mi dé láti ọsibítù.

Rọpárọsẹ̀ ni. Ní ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ṣubú, níbi tí wọ́n ti ń na ọwọ́ mú táyà kan. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú. Mo rò pé ìyẹn lèyí tó burú jù. Mi ò tíì mọ nǹkan kan.

Kí wọ́n tó ṣubú, Mòòré, èdè àwọn Mọsí, ni bàbá mi ń sọ fún ìyá mi, Júlà fún oníbàárà, Haúsá ní mọ́ṣáláṣí, Faransé fún ọlọ́pàá tó bá dá moto wọn dúró. Yorùbá, èmi ni wọ́n ń bá sọ ọ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí wọn ti wá, Gánà ni wọ́n ti dàgbà, nígbà tí Gánà sì lé wọn, wọ́n bá ọ̀nà gòkè wá síhìn-ín. Wọ́n fẹ́ ìyá mi, ọmọ Mọsí, tó ní ebè sàláàdì àti àlùbọ́sà létí omi ìsédò Tanghin. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ Mòòré àti Faransé, ó tán. Èmi ni mo máa ń jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé ìwé, èmi ni Yorùbá wọlé sí lára. Ìyá mi kò kọ́ ọ, kò sì sí ohun tó ní kí wọ́n kọ́ ọ. Ọkọ wọn gbọ́ Mòòré dáadáa.

Nígbà tí bàbá mi máa lajú ní ọsibítù, gbogbo èdè yòókù ti lọ. Ó ku Yorùbá. Dókítà ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé èdè tí èèyàn kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ ni ó máa ń kù nígbà mìíràn. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ìròyìn ayọ̀ ni. Ìyá mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń pe ọkọ wọn ní Mòòré, bàbá mi sì ń wo ẹnu wọn bí ẹni ń wo àjèjì tó ń béèrè ọ̀nà. Mi ò rí ojú ìyá mi bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì fẹ́ rí i bẹ́ẹ̀ mọ́ láéláé.

Bí mo ṣe di ẹnu fún àwọn méjèèjì nìyẹn. Ní Hamdalaye, àwọn Yorùbá tó kù ń wá kí wọn lẹ́yìn Jímọ̀: wọ́n á ṣe àdúrà, bàbá mi á ṣe àmín, wọ́n á lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú ilé ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ibi tó ń ro wọ́n, ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ta ní í pe ará ìta sí i? Mo ń túmọ̀ láàárọ̀ kí n tó gun moto lọ sí yunifásítì, mo ń túmọ̀ nírọ̀lẹ́ nígbà tí mo bá dé. Ìyá mi á ní, "Bi bàbá ẹ bóyá ó sùn." Bàbá mi á ní, "Bi ìyá ẹ bóyá òjò kọlu ebè." Tọkọtaya ń sọ̀rọ̀, èmi ló sì ń rẹ̀ lẹ́nu. Kò sí ẹni tó bi mí bóyá èmi sùn. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ràn mi o. Wọ́n kàn ń gba ara mi kọjá ni. Mo dá wà láàárín àwọn méjèèjì ju bí mo ṣe dá wà níwájú kọ̀ǹpútà lọ.

Yorùbá tó kù ọ̀hún gan-an kò pé. Ohùn bàbá mi ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀, ahọ́n wọn sì ń wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ mọ ohun tójú mi rí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè, "Ẹwa. Ẹwa." Inú mi dùn débi pé mo fò sókè. Oúnjẹ ti wù wọ́n jẹ! Mo gun moto, mo lọ ra ẹ̀wà, mo sè é títí ó fi rọ̀ bí òwú, mo da òróró àti àlùbọ́sà sí i, mo gbé e wá. Bàbá mi fi ọwọ́ òsì ti abọ́ dànù. "Ẹwa." Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Ẹ̀wá ni? Ẹ̀wá kí ni? Àbí ẹwà ni? Ẹwà ta ni, nínú ooru tó ń mú òógùn bọ́ lára èèyàn yìí? Ìyá mi, tí wọ́n ń ṣan ewé sàláàdì lẹ́nu ilẹ̀kùn, nu ọwọ́ wọn, wọ́n wọlé, wọ́n jókòó ti bẹ́ẹ̀dì. Bàbá mi mí kanlẹ̀, wọ́n sì dákẹ́.

Mo bi ìyá mi pé kí ló dé tí wọ́n wọlé. Mòòré la jọ ń sọ, ṣùgbọ́n màá fi Yorùbá sọ ọ́. Wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe pé ó ní kí n wá ni?"

Háà! "Wa" ni àwọn Mọsí náà ń pe wíwá. Ẹ wá ni bàbá mi ti ń wí láti ọ̀sán, èmi àti ìyá mi ni wọ́n ń pè, èmi ọ̀mọ̀wé sì lọ ń dáná ẹ̀wà. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n jọ ni. Bàbá mi á wí i, ìyá mi á lọ jókòó tì wọ́n, kò sí ẹni tó ń pè mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: inú mi dùn fún wọn, ó sì tún ń dùn mí wọra.

Nígbà tí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá mi pè mí sí ọ́fíìsì wọn. Mo tẹ́ àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì. Wọ́n bi mí pé èwo ni òótọ́. Mo ní olúkúlùkù ń sọ ohun tí ó mọ̀. Èyí tó fara wé ẹ̀gbọ́n ń sọ ti ẹ̀gbọ́n. Èyí tó kọ́gbọ́n ń sọ ohun tó wọ́pọ̀. Èyí tó ń mí nínú omi sún mọ́ ọn jù, àmọ́ èmi ni mo so zíńkì rẹ̀ mọ́lẹ̀, báwo ni mo ṣe máa fi ṣe ẹlẹ́rìí? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ibi tí kọ̀ǹpútà lè bá wa dé nìyẹn, ó ku kí a rí i lójú. Iléeṣẹ́ ìwádìí kan ní Faransé ti gbà láti gbà mí fún ọ̀pọ̀ oṣù: màá ṣe ẹ́ńsáìmù náà títí tí yóò fi dì bí iyọ̀, wọn yóò tan ìmọ́lẹ̀ alágbára sí i, a ó sì mọ bí kòtò náà ṣe rí. Wọ́n sanwó ọkọ̀, wọ́n sanwó ilé. Ìdáhùn mi ni wọ́n ń retí, kí ààwẹ̀ tó parí.

"D'accord? Ṣé o gbà?" ni ọ̀gá mi wí.

Mo ní màá rò ó. Wọ́n wò mí bí ẹni pé orí mi dàrú. Ohun tí mo ti ń wá láti ọdún tí mo ti ń bá fáànù kan gbé yàrá rèé. Mi ò lè sọ fún wọn pé ẹnu bàbá mi ni mí, àti pé tí mo bá lọ, ọkùnrin kan ní Hamdalaye máa ya odi nínú ilé ara rẹ̀.

Mo pinnu pé bàbá mi gan-an ni kí n bi. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ìyá mi kò tíì dé láti Tanghin, mo jókòó sórí àga kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, "Bàbá, wọ́n ní kí n wá sí Faransé. Ó máa pẹ́ díẹ̀ o. Ṣé kí n lọ?"

Bàbá mi wò mí. Wọn kò jáfara. Wọ́n ní, "Ma lọ."

Ẹ̀yin náà, ẹ pè é wò lẹ́nu yín. Máa lọ. Má lọ. Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ bá pé á fa ọ̀kan gùn, á gé èkejì kúrú. Ahọ́n bàbá mi kò lè fa nǹkan kan gùn mọ́, kò sì lè gé e. Mo rọra mí. Mo ní, "Àbí kí n dúró, Bàbá?"

"Ma dúró."

Yé è! Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣé kí n lọ?" Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọkàn mi fò. Mo ní, "Ṣé kí n má lọ?" Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo bi wọ́n bóyá èmi ni ìyá tó bí wọn. Bẹ́ẹ̀ ni.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí mo mọ̀. Mo fi ojú ẹ̀gbọ́n wo àbúrò: nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń lọ sí Abidjan, bàbá mi ní kí ó máa lọ, wọ́n tilẹ̀ gbé àpò rẹ̀ dé ibùdókọ̀. Ṣùgbọ́n ara wọn yá nígbà náà. Mo kó gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa wọn jọ: wọn ò ní mi lára rí, wọn ò dí mi lọ́nà rí, ìwé mi ni wọ́n fi ń yangàn lójà. Máa lọ ni, ó dájú. Mo wá jókòó, mo ń wo ojú wọn nìkan, mo ń wo bí àyà wọn ṣe ń lọ sókè sódò. Níbẹ̀ ni kò ti dá mi lójú mọ́. Ohun kan wà nínú ojú yẹn tí mi ò fẹ́ kà.

Ìyá mi wọlé, agbọ̀n òfìfo lọ́wọ́ wọn, eruku lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n wò wá. Wọ́n ní, "Kí lẹ ń sọ tí ojú yín rí báyìí?" Mo rò ó fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀: Faransé, oṣù, kòtò tí wọ́n máa yà. Wọ́n sọ agbọ̀n kalẹ̀, wọ́n jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

"Kí ni bàbá ẹ wí?"

Ní Mòòré, lọ àti má lọ kò jọ ara wọn níbì kankan. Ẹni tó bá máa túmọ̀ gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan. Mo mú èyí tí mo fẹ́. Mo ní, "Wọ́n ní kí n máa lọ."

Ìyá mi yíjú sí ọkọ wọn, bàbá mi náà sì ń wò wọ́n. Wọ́n wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, láìgbé ojú kúrò lára bàbá mi, pé, "Irọ́ ni. Ó ní kí o má lọ."

Ara mi gbóná. Mo ní, "Ẹ ò kúkú gbọ́ Yorùbá."

"Mi ò gbọ́ ọ," ni wọ́n wí. Wọ́n bọ́ bàtà wọn, wọ́n gbọn eruku rẹ̀ nù. "Lọ. Èmi máa wà níbí."

Bàbá mi ń wo ẹnu ìyá mi, wọ́n ń wo tèmi. "Kí ló wí?"

Kò sí ìtumọ̀ méjì nínú ìyẹn. Iṣẹ́ mi sì ni kí n sọ ọ́. Mo ní, "Màmá ní kí n lọ, Bàbá."

Bàbá mi yí ojú wọn sí ògiri. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé ọwọ́ òsì wọn, èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ti di etí aṣọ mi mú lórí bẹ́ẹ̀dì, ó dì í le. Ìyá mi rí i. Wọ́n dìde, wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n sì ń tú àwọn ìka náà kúrò lára aṣọ mi, lọ́kọ̀ọ̀kan.